Fúlà tí Ọkọ Mi Lọ Gbà

Ọjọ́ tí mo jáde opó, ọkọ̀ tó wà lágbàlá ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Kì í ṣe pé ó wù mí láti wò ó. Ìyá onílé ti bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé pé ní ọjọ́ Sátidé, ní agogo méjìlá ọ̀sán, ọkọ̀ akóyanrìn yóò wọlé, àwọn bíríkìlà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá méjì síbi tí ọkọ̀ wa dúró sí. Bí ọkọ̀ náà bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò wá gé e, wọn yóò sì kó o lọ. Wọ́n ti ní sùúrù fún mi. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi wà nínú ilé, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, wọn kò sì dárúkọ ọkọ̀ sí mi létí títí ó fi ku ọjọ́ díẹ̀ kí n jáde.

Ọjọ́bọ̀ ni mo jáde. Ọjọ́ méjì ló kù.

Ọkọ̀ náà kò ṣeé wà, kò sì ṣeé tì. Ojú ibi tí a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ló bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ á wọlé, kò ní yí. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sì yí, sítíárìn á tì pa síbi tó bá wà. Tiwa tì pa nígbà tí táyà iwájú méjèèjì kọjú sí ògiri. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá para pọ̀ tì í, ògiri ni yóò lọ kọlù, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Láti pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ náà, ènìyàn gbọ́dọ̀ tú ike tó bo ọ̀pá sítíárìn, ike náà kò sì ní kúrò bí sítíárìn fúnra rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ kúrò. Ọkọ mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mẹkáníìkì ni. Èmi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́jà. Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ irú ọkọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá mu, ṣùgbọ́n n kò fi ọwọ́ ara mi tú ọ̀kankan rí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó tú wáyà bátìrì kúrò, ó sì ní kí a dúró díẹ̀. Mo bi í pé kí ni a ń dúró dè. Ó ní iná máa ń ṣẹ́ kù sínú wáyà bí wọ́n bá tilẹ̀ ti tú bátìrì, àti pé àpò afẹ́fẹ́ tó wà láàárín sítíárìn, èyí tó ń bú síta láti gba awakọ̀ là, kò mọ̀yàtọ̀ láàárín mẹkáníìkì àti ìjàǹbá ọkọ̀.

"Ojú mi ló máa bú gbàmù sí," ó wí, ó sì ń mu tíì rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó mu tíì tán ló tó tú àpò náà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e wọlé. Ó ní kí n jẹ́ kí ojú rẹ̀ wà lókè, kí n má dojú rẹ̀ délẹ̀ láé, nítorí bí ó bá bú nígbà tó dojú délẹ̀, yóò fò lọ lu àjà. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá wa, ojú rẹ̀ lókè. Ibẹ̀ ló wà fún gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe opó. Mò ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń wò ó kí n tó pa iná, kò sì ṣe mí bíi nǹkan kan.

Lẹ́yìn àpò afẹ́fẹ́, ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ńlá tó di sítíárìn mú. Kò tú u kúrò tán. Ó jẹ́ kí ó rọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀pá, kí sítíárìn má bàa fò sí i lójú nígbà tó bá já. Ẹ̀kọ́ tó ti san owó rẹ̀ ni. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ó fi ọwọ́ lásán fa sítíárìn kan tí wọ́n ti tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ dànù. Ó fà á, kò wá. Ó fi ẹsẹ̀ ta ìjókòó, ó tún fà á, ó já lójijì, ó sì gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ kan lọ. Mo ti bá àlàfo eyín náà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wá fẹ́ mi.

Ó ní kí n bá òun wá ọ̀dà. Ọ̀dà èékánná pupa tí ọmọbìnrin wa fi sílẹ̀ nígbà tó wálé ni mo rí. Ó fi fa ìlà tín-ín-rín kan: ìlà náà bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀pá, ó gba àárín sítíárìn kọjá. Ó ní ọ̀pá náà ní eyín wẹ́wẹ́ yí ká, àti pé nígbà tí òun bá fẹ́ dá sítíárìn padà, bí ìlà kò bá pàdé ìlà, àní bí ó fi eyín kan péré yẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, sítíárìn á sì wọ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá fúlà, kò rí i.

Fúlà ni àwọn mẹkáníìkì Èkó ń pe irin tí a fi ń yọ sítíárìn. Irin gbọọrọ kan ni, ó ní ihò lápá ọ̀tún àti òsì fún bóòtì kékeré méjì, ó sì ní bóòtì ńlá kan láàárín. Bóòtì kékeré méjèèjì á di sítíárìn mú, ti àárín á tẹ orí ọ̀pá. Bí ènìyàn bá ti ń yí ti àárín, díẹ̀díẹ̀ ni sítíárìn á máa gòkè. Ọkọ mi ti gé fóòmù sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbẹ́ fóòmù náà débi pé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ibùsùn tó bá ara rẹ̀ mu. Ibùsùn fúlà ṣófo.

"Ó wà lọ́dọ̀ Nàgó," ó wí. "Láti oṣù méjì! Ọkùnrin yẹn á yá nǹkan, á gbé e sin."

Nàgó yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mẹkáníìkì bíi tirẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Avéa, àdúgbò tí kò jìnnà sí tiwa. Ọkọ mi dé fìlà rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀, òun ò ní pẹ́.

Ọ̀rẹ́ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí ọkọ mi ṣe dé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó béèrè omi, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Kí wọ́n tó bu omi dé, ó ti wó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo mọ̀. Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ló kúrò nílé. Kí ilẹ̀ tó ṣú a ti sin ín. Ẹ̀wà tí mo ṣà wà nínú abọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rẹ́ náà kò wá mọ́. N kò bi ara mi ní ìdí. Kò yẹ kí ọkùnrin máa wọlé tọ opó, mo sì rò pé ìyẹn náà ni.

Nítorí náà, ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Fóònù mi kò ní àmì ohùn. Ohun tí mo kọ nìyí: "E kaale o. E jowo, e ba mi mu fula oko mi wa laaro Satide. Mo nilo re." Mo tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ó dáhùn ní alẹ́ náà. Ohun tó kọ ni: "E ku ile. Ma mu un wa. Mo ti fo o."

Mo rò pé bẹntiróòlù ló fi fọ̀ ọ́. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ó káre, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọ irinṣẹ́ kí wọ́n tó dá a padà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo lọ sí ìsọ̀ mi, mo gbé bátìrì tuntun kan sínú takisí wálé. Ojú kọ́kọ́rọ́ tuntun ti wà nínú ọkọ̀ tipẹ́. Èmi ni mo mú un wá láti ìsọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Adìyẹ ìyá onílé ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Ìyá onílé jáde pẹ̀lú ife kọfí wọn. Ọmọ ìlú ibí ni wọ́n, àwa ni àlejò; Faransé ni a jọ ń sọ, Màmá la sì ń pe ara wa.

"Màmá," wọ́n wí, "orí lo fẹ́ fi rù ú jáde ni?"

Mo ní rárá, ẹnì kan ń bọ̀ tí yóò bá mi tún un ṣe.

"Lónìí? Ọkọ̀ tó ti yé ẹyin mẹ́ta!"

"Adìyẹ yín ló yé ẹyin, Màmá."

"Adìyẹ mi kò lè yé ẹyin sábẹ́ ọkọ̀ tó ń rìn." Wọ́n fa kọfí mu. "Mo fẹ́ràn ọkọ rẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agogo méjìlá ni mo wí, awakọ̀ yanrìn kò sì mọ ọkọ rẹ rí."

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn láti máa wò mí.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi dé ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá tú ọkọ̀ wọ funfun. Ó dúró jìnnà sí mi díẹ̀, ó kí mi kú ìdúró, kú ilé, kú àtijọ́. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì na ọ̀rá dúdú kan sí mi.

Bí mo ṣe gbà á ni mo mọ̀ pé nǹkan ò rí bí ó ṣe yẹ. Ó fúyẹ́ jù. Mo tú u. Fìlà ọkọ mi ló wà níbẹ̀, fìlà aláwọ̀ ewé tó dé jáde ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, òórùn ọṣẹ ń ta lára rẹ̀.

"Kí nìyí?" mo bi í.

"Fùlà ọkọ yín ni, ìyàwó wa. Ẹ ní kí n mú un wá."

"Fúlà ni mo wí."

"Fùlà náà nìyẹn."

"Bọ̀ọ̀dá, fúlà. Fúlà tí ẹ fi ń yọ sítíárìn."

Ó wo ọkọ̀, ó wo àpótí irinṣẹ́ tó wà ní ṣíṣí nílẹ̀. Ní ìlú tirẹ̀, fùlà ni wọ́n ń pe fìlà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì ti fi ń bú ara wọn. Bí ọkọ mi bá wà lábẹ́ ọkọ̀ tó pariwo pé, "Mú fúlà wá!", ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bọ́ fìlà orí rẹ̀, á nà án sí i. "Irin ni mo ní, Nàgó!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, "Ẹ̀yin ará Èkó lẹ fi orúkọ fìlà pe irin, ìyà irin ló ń jẹ yín!" Ọ̀rẹ́ náà fúnra rẹ̀, orúkọ Faransé ló ń pe irin náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. N kò rántí rẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ náà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ìyá onílé béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Mo sọ fún wọn ní Faransé pé irinṣẹ́ ni mo ní kó mú wá, pé fìlà ló mú wá, nítorí pé orúkọ wọn jọ ara wọn.

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé kọfí dà sí wọn lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ṣebí ẹ ní èdè kan náà lẹ ń sọ! Jẹ́ kó fi fìlà yọ ọ́ ká wò ó!"

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, tàbí kí n sunkún. Mo dúró dè é, kò sí èyí tó wá. Mo ká fìlà náà sí méjì, mo gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Irin náà ńkọ́?" mo bi í.

Ó ti ń bọ́ bùbá funfun rẹ̀, ó gbé e kọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. "A ò nílò irin yẹn," ó wí. "Ẹ ní òòlù?"

"Mo ní òòlù."

"Ó tó. Màá fi orúnkún ti sítíárìn láti ẹ̀yìn, màá lu orí ọ̀pá lẹ́ẹ̀mejì, á jáde. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é."

"Ọkọ mi kì í ṣe é."

"Ìyàwó wa, yanrìn ń bọ̀."

Ó mú òòlù nínú àpótí fúnra rẹ̀. Ó jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ó ti orúnkún bọ abẹ́ sítíárìn. Mo rántí ohun tí ọkọ mi sọ nípa rẹ̀. Bí a bá lu orí ọ̀pá, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí nọ́ọ̀tì ń yí gùn á bàjẹ́, nọ́ọ̀tì náà kò sì ní padà sórí rẹ̀ mọ́. Ọ̀pá náà sì lè rún wọnú ara rẹ̀, nítorí wọ́n ṣe é kí ó lè rún nígbà ìjàǹbá, kó má bàa gún awakọ̀ láyà. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí yóò gbé ọkọ̀ náà jáde mọ́ àfi àwọn onírin. Mo rò ó tán, mo na ọwọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo orí ọ̀pá náà.

Ó ti gbé òòlù sókè.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

"Ẹ gbé òòlù kúrò."

"Ẹ ò rí i pé agogo ń lọ?"

"Mo rí i. Agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ibo ni irin náà wà? Ṣé ó ti sọnù ni?"

Ó sọ òòlù kalẹ̀ lórí ìjókòó kejì. Kò wo ojú mi. Ó ń wo fìlà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Kò sọnù," ó wí. "Ó wà nínú bútù ọkọ̀ mi. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà níbẹ̀. N kò lè lò ó, n kò sì lè gbé e wá fún yín. Bí mo bá ti dá a padà nígbà tó yẹ, ṣé ì bá jáde nílé lọ́jọ́ náà?"

Mo ronú sí ìbéèrè náà, nítorí pé ìbéèrè gidi ni. Mo ní, "Kì bá tí jáde."

Ó mi orí.

"Ṣùgbọ́n ìwé ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ mi," mo wí. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ló dúró. Wọn kò kọ fúlà síbẹ̀. Ẹ lọ gbé e wá."

Ó lọ gbé e wá. Aṣọ inura ni ó fi wé e.

Láti ìgbà náà a kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Mò ń sọ fún un ohun tí ọkọ mi máa ń ṣe, ó sì ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mo tún wo wáyà bátìrì: ó wà ní títú. Nọ́ọ̀tì ńlá wà lẹ́nu ọ̀pá bí ọkọ mi ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ yí bóòtì kékeré méjèèjì wọnú ihò wọn lára sítíárìn. Mò ń ka ìyípo wọn: mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Bí ọ̀kan bá jìn ju èkejì lọ, irin á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì gé bóòtì. Bí wọ́n bá sì jìn jù, wọ́n á gún ohun tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló fi sípánà mú bóòtì àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó le. Òógùn bọ́ sí i lójú. Ní ìyípo kẹrin, ọkọ̀ akóyanrìn fọn fèrè níta. Agogo mọ́kànlá kò tíì lù.

"Wọ́n ti yá jù!" mo sọ fún ìyá onílé.

"Mo rí i," wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sẹ́nu géètì, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún awakọ̀ náà pé agogo méjìlá ni àwọn san owó fún, pé bí ó bá tún fọn fèrè yẹn kó gbé yanrìn rẹ̀ padà sínú òkun.

Ní ìyípo kẹfà, ohun kan dún "kàù" bí ẹni pé igi dá. Sítíárìn ta sókè, nọ́ọ̀tì sì dá a dúró. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi fà sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Mo mọ eyín ẹni tó rántí.

Ó tú nọ́ọ̀tì tán, ó sì gbé sítíárìn lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e lé itan mi lórí àpótí tí mo jókòó sí ní ọjọ́sí. Ibi tí ọwọ́ ọkọ mi máa ń wà, lápá òsì lókè, ti dán ju ibi yòókù lọ. Mo fi ọwọ́ mi síbẹ̀, mo tún gbé e kúrò.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tú ike tó bo ọ̀pá kúrò. Àwọn bóòtì tó di ojú kọ́kọ́rọ́ mú kò ní orí, wọ́n jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe kí olè má lè tú wọn. Ibẹ̀ ni òòlù ti wúlò: ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gbá wọn yí díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rọ̀. Ojú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ jáde, tuntun wọlé. Kọ́kọ́rọ́ tuntun yí lẹ́ẹ̀kan náà, ìdè tó ti sítíárìn pa sì tú. Ó dá ike padà. Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

Ó gba sítíárìn lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí ọ̀pá, ó mú nọ́ọ̀tì.

"Ẹ dúró," mo wí.

"Kí tún ni?"

"Ìlà náà kò pàdé."

Ó tẹ orí wò ó. "Ó pàdé."

"Ó fi eyín kan yẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa."

Ó yọ ojú sí i. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin àti ọkọ yín," ó wí, "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló tún lè fẹ́ ọ̀kan nínú yín?" Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó gbọ́ ohun tó sọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni. Ó yọ sítíárìn, ó yí i ní eyín kan, ó tún gbé e wọlé. Ìlà pupa tó wà lórí ọ̀pá àti èyí tó wà lára sítíárìn di ìlà kan. Mo fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí àlàfo níbẹ̀.

Ó fún nọ́ọ̀tì náà le. Mo wọlé lọ gbé àpò afẹ́fẹ́ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé e gba àgbàlá kọjá, ojú rẹ̀ lókè, mo sì gbé e jìnnà sí ara mi díẹ̀. Ìyá onílé bi mí pé kí ni mo gbé bí ọmọ jòjòló yẹn. Mo ní nǹkan tó lè bú ni. Wọ́n kó àga wọn sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi dè é mọ́lẹ̀, ó jáde kúrò nínú ọkọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ nígbà tó so bátìrì tuntun.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé àpótí irinṣẹ́ sínú bútù. Èmi ni mo wọ ìjókòó awakọ̀. Ìwé ìwakọ̀ mi wà nínú báàgì mi, ọkọ mi ló ní kí n gbà á. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ó gba ìgbà mẹ́rin kí ẹ́ńjìnnì tó mú, èéfín dúdú sì bo àgbàlá, adìyẹ sá jáde lábẹ́ ọkọ̀. Mo yí sítíárìn. Ó yí. Táyà kúrò níwájú ògiri. Mo rọra fà sẹ́yìn, mo sì gba ẹnu géètì jáde sí títì Venez-Voir ní agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Awakọ̀ yanrìn pàtẹ́wọ́ fún mi, n kò mọ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe mí. Ìyá onílé ń kó ẹyin wọn.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tẹ̀ lé mi jáde. Ó ti nu fúlà mọ́, ó gbé e dání. Ó na ọwọ́ kejì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó mú fìlà, ó sì na méjèèjì sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ẹ gba nǹkan yín, ìyàwó wa."

"Ẹ mú fùlà lọ," mo wí. "Ẹ fi fúlà sílẹ̀ fún mi."

"Èwo lẹ wí? Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ ṣì í gbọ́ mọ́."

"Fùlà. Èyí tí à ń dé."

Ó pẹ́ kí ó tó gbé e dé orí. Ó kéré sí i, ńṣe ló jókòó sí àtàrí rẹ̀. Ó ní yóò gba orí òun tó bá yá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí bútù, mo ṣí àpótí irinṣẹ́. Eruku ti wà nínú ibùsùn fúlà. Mo fi ìka nù ún kúrò kí n tó gbé irin náà sí i. Ó wọ ibẹ̀ gẹ́ẹ́. Mo pa àpótí dé.

"Ibo lẹ wá ń gbé e lọ báyìí?" ó bi mí.

N kò tíì ronú débẹ̀. Ibi tí n óò gbé ọkọ̀ jáde kúrò ni mo ti ń rò, n kò ro ibi tí n óò gbé e lọ. Mo wo agogo.

"Ìsọ̀," mo wí. "Ọjà kò tíì tú."